Omi Kànga Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́, láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi sì ti mọ omi àti ọṣẹ ju bíírò lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kí ó dùn. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí mo sáré kọjá ibi tó yẹ kí n dúró, ẹ bá mi fara dà á. Ìyàwó tíṣà kan tó ń gbé nítòsí wa ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní ohun tí ìtìjú kì í jẹ́ kí n fẹnu sọ, bóyá ọwọ́ mi á lè sọ ọ́. Òun náà ló fún mi ní ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí yìí.

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Ilé wa wà létí òkun Àgbádárìgì, lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàrin òkun àti ọ̀sà, tó jẹ́ pé bí a bá fẹ́ lọ sí ọjà Agbálátà, ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀. Lẹ́yìn ilé wa, nídìí àgbọn mẹ́ta, kànga kan wà tí bàbá mi gbẹ́ kí ó tó bá àwọn apẹja lọ sí apá Kútọnù. Bàbá mi kò padà wá mọ́. Kànga yẹn ló fi sílẹ̀ fún wa, a kò sì lè fi omi rẹ̀ ṣe ohun kan ju kí a fi fọ ìkòkò àti ẹsẹ̀ lọ.

Omi náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá fà á, á mọ́ gaara, ẹ ó máa wo ìsàlẹ̀ garawa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fọ aṣọ funfun, tí ẹ sá a sóòrùn, kò ní pẹ́ tí aṣọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Á kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀ létí, lẹ́yìn náà á di àpá bí ìpẹtà irin, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ọṣẹ kò lè mú un kúrò. Ìyá mi fi bẹ́ẹ̀ ba aṣọ oníbàárà kan jẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, láti ọjọ́ náà ló ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ fi aṣọ ẹnikẹ́ni kan omi yẹn. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀. Ó ní bí àwọn ènìyàn bá gbọ́, wọ́n á máa sọ pé omi ilé wa ní nǹkan nínú, wọn ò sì ní gbé aṣọ wá mọ́.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Sùtánà la ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán la sì fi ń rìn lórí iyanrìn ọgbà ìjọ. Ìyá mi ló ń fọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ náà. Kànga ìjọ ló ti ń fa omi, torí omi ibẹ̀ dára. Á fọ̀ ọ́, á tì í sínú búlúù, á fi sítáàsì díẹ̀ sí i, lẹ́yìn tó bá gbẹ á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí á fi le bí páálí. Okùn gígùn kan wà níwájú ilé ìjọsìn tí a máa ń sá wọn sí. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá wọ inú wọn, àyà wọn á kún, apá wọn á gbé sókè, á wá dà bí èrò ènìyàn tí kò lórí tó tò síbẹ̀, tí gbogbo wọn kọjú sí wa. Ìyá mi a máa kí wọn. Á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ dúró dáadáa, ẹ jẹ́ kí n wo abíyá yín.” Èmi á máa rẹ́rìn-ín.

Ìyá aríran kan wà nínú ìjọ náà. Ará Àjàṣẹ́ ni, Ègùn lèdè rẹ̀, Yorùbá a sì máa lọ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ilé kékeré kan nínú ọgbà ìjọ ni olùṣọ́ ìjọ fún un, torí kò ní ẹnìkan níbí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fọṣọ rẹ̀. Bí wọ́n bá rán mi gbé e lọ fún un, á fọwọ́ kan orí mi, á sì pè mí ní “ovi ṣie”, ọmọ mi, lédè tirẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀, torí ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí ọmọ kékeré kan kú nínú ìjọ. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ní ìsìn ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ara ìyá aríran bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì kígbe.

“Mo rí ọwọ́ kan! Omi ń kán láti inú rẹ̀. Omi yẹn ò mọ́!”

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí orí kan yí sí ọ̀dọ̀ wa, tí òmíràn yí, tí gbogbo rẹ̀ wá yí tán. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú ìjọ wa? Ta ló fọ aṣọ ọmọ tó kú? Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì rọra kó wọn pamọ́ sábẹ́ sùtánà rẹ̀. Ìyá aríran la ojú. Ó rí ibi tí gbogbo ènìyàn ń wò. Ó wò wá, mo rí i pé ó wò wá, ó sì tẹrí ba.

Kò sẹ́ni tó lé wa. Wọ́n kàn ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba aṣọ wọn, àwọn mìíràn gbà á ní tútù. Olùṣọ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ ìyá mi pé kó má fa omi ní kànga ìjọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀ ná, kí ọkàn àwọn ènìyàn lè balẹ̀. Ìyá mi ní, “Ó dáa, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà, abúlé kejì ló ti ń lọ fọ ìwọ̀nba aṣọ tó kù, pẹ̀lú báàfù lórí, nínú òjò oṣù kẹfà àti ìkeje. Ibẹ̀ ni ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ kan ṣoṣo ni wọn kò wá gbà. Sùtánà tuntun ti ìyá aríran ni. Ìyá mi ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi aṣọ mìíràn wé e kí eruku má bàa bà á. Ó ń retí kó wá. Kò wá. Nígbà tí ìyá mi kò lè dìde lórí ẹní mọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣíjú wò mí.

“Ṣé o ti dá aṣọ ìyá yẹn padà?”

“Mo ti dá a padà, Màmá.”

“Kí ló wí?”

Mi ò rò ó rárá kó tó jáde lẹ́nu mi. “Ó ní kí Ọlọ́run wò yín sàn.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo mọ̀ pé á wí bẹ́ẹ̀,” ló sọ, ó sì pa ojú dé.

Abẹ́ ẹní tèmi ni aṣọ náà wà. Mo ń sùn lé e lórí lójoojúmọ́. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yẹn ò ní fi ojú kàn án mọ́ láyé. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wá. Wọ́n ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí i lójú mi, pẹ̀lú àánú, bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Mo gba aṣọ wọn. Mo tún ń fa omi ní kànga ìjọ. Ìgbà náà ni ìjọba ṣọ́jà dé tán, tí wọ́n ti bọ́dà pa, tí ọṣẹ wá wọ́n bí ojú. Eérú èèpo àgbọn ni mo fi ń se ọṣẹ tí mo ń lò, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ó má ba aṣọ funfun jẹ́.

Ìyàwó tíṣà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ará ìjọ wa. Ará Èkìtì ni, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé wọn wá. Ìgbà mìíràn, á sọdá lọ tò sórí ìlà ní Agbálátà, á pín ọṣẹ tó bá rí fún mi. Mo rántí ọjọ́ kan tó wọlé pẹ̀lú òógùn, tó ju ọṣẹ kan sí mi lẹ́sẹ̀.

“Ọmọ alágbàfọ̀, wò ó! Láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú oòrùn. Ṣọ́jà kan ní kí n da ẹsẹ̀ mi pọ̀. Mo ní ṣé ọṣẹ ni mo wá rà ni, àbí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ológun?”

“Kí ló wá wí, Màmá?”

“Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báun. Ó wá dá mi padà sẹ́yìn ìlà!”

Òun nìkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìyókù ọjọ́ mi, mi kì í sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí, àwọn ènìyàn sì rò pé ìwà tútù ni. Wọ́n á ní, ẹ wo ọmọ yìí, kò fi ikú ìyá rẹ̀ sínú. Wọn ò mọ̀ pé bí gbogbo ìjọ bá ń gba àdúrà tí Olúwa kọ́ wa, tí a bá dé ibi tí a ti ń sọ fún Ọlọ́run pé àwa náà ti dárí jì, ẹnu mi máa ń pa dé. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń pa á dé. Ètè mi á kàn lẹ̀ mọ́ra. Bí a bá ti kọjá ibẹ̀, á tún ṣí. Báyìí ni mo ṣe fi ọdún mẹ́ta gba àdúrà tó ní ihò láàrin.

Ní ọdún kẹta náà, lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fọ sùtánà kan ṣoṣo tó kù fún ìyá aríran. Mo ti fọ̀ ọ́ tán ní kànga ìjọ, ó funfun, ó ti mu búlúù. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí.

“Ovi ṣie, o ṣeun. Má lọ̀ ọ́ o. Lọ bá mi fún un dáadáa, kí o gbé e wá ní tútù, èmi á sá a fúnra mi. Ìyá rẹ ló mọ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ mi. Kò sẹ́ni tó lè lọ̀ ọ́ bíi tirẹ̀.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìyá mi lọ sí ọjà tó sì máa tó dé. Mo gbé báàfù sórí, mo lọ sílé, bí ẹni pé ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fún un. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo dúró nídìí kànga wa. Èmi náà ni mo ju garawa sísàlẹ̀, èmi ni mo fà á. Omi náà mọ́ gaara. Mo ti aṣọ náà bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún tì í bọ inú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Mo fún aṣọ náà, mo gbé e padà lọ fún ìyá aríran. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní ọkọ rere. Ó sá a sí okùn níwájú ilé ìjọsìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo dé, èrò ti pé yí okùn náà ká. Àpá náà wà láyà, ó wà lápá méjèèjì, ó pọ́n, ó pọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Afẹ́fẹ́ kún inú aṣọ náà, ó dúró bí ẹni tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́.

“Ẹ̀jẹ̀ ni,” ẹnìkan wí.

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

“Ọlọ́run ló mọ̀. Òun ló tú àṣírí yìí.”

Ìyá aríran dúró láàrin wọn pẹ̀lú ọwọ́ lórí. Olùṣọ́ wò yíká, ó rí mi.

“Ìwọ lo fọ̀ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ṣé funfun ni nígbà tí o gbé e fún un?”

“Funfun ni, Bàbá.”

Òtítọ́ ni. Mi ò tíì purọ́ tó tó òtítọ́ yẹn láyé mi.

Olùṣọ́ ní kí ìyá aríran má wọlé mọ́, kó máa jókòó sórí iyanrìn níta bí a bá ń jọ́sìn, títí Ọlọ́run á fi fi ohun tó ṣe hàn. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún un dáwọ́ dúró. Bó bá fẹ́ fa omi, àwọn obìnrin á dìde kúrò nídìí kànga. Mo rò pé inú mi á dùn. Ó dùn, fún ọjọ́ kan bóyá. Lẹ́yìn náà ni ìró yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni, oòrùn mú gan-an, mo wà nínú ilé mo ń fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń lu aṣọ mọ́ òkúta. Gbì. Gbì. Á dúró díẹ̀. Gbì. Bí ìyá mi ṣe máa ń lù ú gẹ́lẹ́ nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì, á mí, lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí n tó mọ̀, mo ti dáhùn. “Mà?” Mo sáré jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹnìkan. Àgbọn mẹ́ta àti kànga nìkan ló wà níbẹ̀. Ìró náà ń bọ̀ láti ọgbà ìjọ. Mo tẹ̀ lé e dé ibi ọgbà, mo yọjú. Ìyá aríran ni. Ó kúnlẹ̀ nídìí òkúta ìfọṣọ ìyá mi, ó fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ń bó àpá náà, ó ń lù ú, ó ń gbé e wò lójú oòrùn, ó tún ń lù ú.

Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ìyá mi. Mi ò lè wo aṣọ lórí okùn mọ́, torí bí mo bá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n sún mọ́ mi sí i. Ìgbà mìíràn, bí mo bá ti ọwọ́ bọ inú báàfù, ó máa ń dà bí ẹni pé ọwọ́ mẹ́rin ló wà nínú omi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo ń mọ̀ ọ́n lára, aṣọ tí a wé yẹn, lábẹ́ ẹní, lábẹ́ egungun ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ìyá mi tún ń béèrè. Ṣé o ti dá a padà? Kí ló wí?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyàwó tíṣà wá gba ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Kò dápàárá lọ́jọ́ náà.

“Mo gbọ́ pé lẹ́yìn ìsìn yín lọ́la, wọ́n máa ní kí ìyá àgbà yẹn kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọgbà.”

“Kó lọ síbo, Màmá?”

“Ó ní ọmọ ní Àjàṣẹ́, àbí?”

“Wọ́n ti ti bọ́dà pa.”

“Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n dákẹ́, pé àwa kì í ṣe ará ìjọ yín.” Ó wò mí. “Kí ló dé tí o tún ń ká ṣẹ́ẹ̀tì tí o ti ká tẹ́lẹ̀?”

Mo nà án sí i. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, mo ń rí ìyá mi pẹ̀lú báàfù lórí, tó ń rìn lọ sí abúlé kejì nínú òjò. Àmọ́ bó bá yí ojú padà, ojú ìyá aríran ni.

Oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo lọ bá a. Ó ṣì wà nídìí òkúta. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, awọ ìka rẹ̀ ti ṣí níbi méjì. Nígbà tó rí mi, ó na aṣọ náà sí mi.

“Ovi ṣie, ìwọ lo mọ aṣọ. Bá mi wò ó. Irú kí nìyí tí kì í jáde?”

Mo kúnlẹ̀. “Omi ni, Màmá.”

“Omi?”

“Omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Ó máa ń mú kí aṣọ pọ́n bóòrùn bá kàn án. Mo mọ̀. Èmi ni mo ti aṣọ yín bọ inú rẹ̀.”

Òkun ń ró lẹ́yìn wa. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́.

“Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi?”

“Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín, Màmá. Omi ni.”

“Mawu o!” ló ké pe Ọlọ́run. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń wá a. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń mú ẹ̀ṣẹ̀ mi wá fún Un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń béèrè pé ṣé èyí ni, ṣé èyí ni.” Ó gbé aṣọ náà lé itan. “Mo mú ti ìyá rẹ náà wá.”

Mi ò gbé orí sókè.

“Ọwọ́ ni mo rí lọ́jọ́ náà. Mi ò rí ojú. Àwọn ni wọ́n yíjú sí ìyá rẹ. Èmi ò sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kì í ṣe òun.”

Mo gbọ́ ohùn ara mi níwájú okùn: funfun ni, Bàbá. Mo wo ọwọ́ mi lórí iyanrìn. Ó ṣì tutù láti ibi aṣọ tí mo ń fọ̀ lọ́sàn-án, omi ṣì ń kán láti ọwọ́ àwọ̀lékè mi. Òtútù kan mú mi nínú ooru yẹn. Mi ò bi í léèrè ọwọ́ irú ẹni tó rí, bóyá ti àgbà ni, bóyá ti ọmọdé. Títí di òní, mi ò tíì bi í.

Mo wá sọ ìyókù fún un. Mo sọ ti aṣọ rẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹní mi, àti ohun tí mo sọ fún ìyá mi pé ó wí. Ìgbà yẹn ló sunkún.

“Ǹ bá wí bẹ́ẹ̀ bó o bá gbé e wá,” ló wí. “Bóyá ni. Mo bẹ̀rù wọn nígbà náà.”

“Ìyá mi ní òun mọ̀ pé ẹ máa wí bẹ́ẹ̀.”

Ó nu ojú pẹ̀lú aṣọ alápàá náà. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sì bẹ̀ mí. Ó kàn ní, “Máa lọ sílé. Jẹ́ kí n dá jókòó.”

Mo lọ. Lójú ọ̀nà ni mo ti mọ ohun tí ń dùn mí. Mo ti rò pé mo ń di ìbínú náà mú nítorí ìyá mi ni, pé bí mo bá jù ú sílẹ̀, á dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò bínú. Ó kú pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń ro rere sí obìnrin náà, lórí irọ́ tí mo pa. Èmi nìkan ni mo ń gbé e, ẹrù tí ẹni tó ni ín ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo gba àdúrà tí Olúwa kọ́ wa, jẹ́jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ètè mi tún lẹ̀. Mo dúró. Mo ronú nípa ìka rẹ̀ tó bó. Mo ronú nípa bó ṣe tẹrí ba lọ́jọ́ náà, àti bí èmi náà ṣe wí pé funfun ni. Mo ní, Olúwa, mo jù ú sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu. Ohùn mi há bíi ti ẹni tí ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni tó dé ọgbà ìjọ, mo yọ aṣọ tuntun ìyá aríran lábẹ́ ẹní mi. Ó ti ní òórùn ilẹ̀. Mo fa omi ní kànga ìjọ, mo fi ọṣẹ tó kù fọ̀ ọ́, mo tì í sínú búlúù bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é, mo sá a sí okùn. Lẹ́yìn náà mo mú sùtánà tèmi, èyí kan ṣoṣo tí mo ní, tí mo ti rẹ sínú omi kànga ẹ̀yìnkùlé wa láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo sá a sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, níwájú ilé ìjọsìn, níbi tí gbogbo ènìyàn máa gbà kọjá. Oòrùn yọ. Mo gbé garawa kan tó kún fún omi kànga wa sísàlẹ̀ okùn náà. Mo wá jókòó sórí iyanrìn, ìró lásán ni mo ró mọ́ra, mo ń wo aṣọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí, mo sì ń retí kí olùṣọ́ dé kó béèrè lọ́wọ́ mi.